Ta Ló Jẹ̀bi? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ sí Èdè Ètò Agbékalẹ̀ Sọ́fítíwíà Nígbà Tí Ohun Àgbáralé Bá Kùnà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò èdè tí àwọn ètò agbékalẹ̀ sọ́fítíwíà olórísun gbangba fi ń bá òǹlò sọ̀rọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá forí ṣánpọ́n nítorí ohun àgbáralé. Ìlànà ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nínú ìtàkùrọ̀sọ tí Grice (1975) gbé kalẹ̀ ni ó jẹ́ òpómúléró ìtúpalẹ̀ náà, pẹ̀lú ojú tí Yorùbá fi ń wo ẹ̀tọ́ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ìfitónilétí mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò: mẹ́ta láti inú APT àti dpkg, ọ̀kan láti inú pip. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé kíkùnà kọ́ ni àléébù tó burú jù lọ fún ètò agbékalẹ̀, nítorí pé kò sí bí ìkùnà kò ṣe ní wáyé. Àléébù tó burú jù ni kí ètò náà gbé ẹ̀bi ohun tí òǹlò kò mọ̀dí lé òǹlò lórí. Iṣẹ́ náà wá fẹnu ọ̀rọ̀ jóná pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè mú lò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ìfáárà

Sọ́fítíwíà olórísun gbangba ni sọ́fítíwíà tí ẹni tó kọ ọ́ gbà kí ẹnikẹ́ni ka orísun rẹ̀, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 wà lára àwọn tó lókìkí jù lọ. Debian, tí Ian Murdock kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkójọ tó kó Linux àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́fítíwíà mìíràn papọ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn. Ara Debian yìí ni Ubuntu, tó jáde ní ọdún 2004, ti wá.

Nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, inú pákéèjì ni wọ́n ń di sọ́fítíwíà sí. Pákéèjì kọ̀ọ̀kan ní àwọn fáìlì tí sọ́fítíwíà náà ń lò, ó sì ní àkọsílẹ̀ kan tí ó sọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀, àti àwọn pákéèjì mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn pákéèjì mìíràn wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ohun àgbáralé. Ètò tí ń lọ mú pákéèjì wá láti inú àká tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ń wá àwọn ohun àgbáralé rẹ̀ kún un, tí ó sì ń to gbogbo wọn sórí ẹ̀rọ, ni ètò agbékalẹ̀. Ní Debian àti Ubuntu, APT ni ó ń ṣe ìṣirò ohun tó yẹ kí ó wọlé àti ohun tó yẹ kí ó jáde. Dpkg ni ó ń tú pákéèjì, tí ó sì ń fi fáìlì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Pip ni àwọn tó ń lo èdè Python ń lò, npm sì ni ti àwọn tó ń lo JavaScript.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ti kọ nípa àwọn ètò wọ̀nyí ni ó dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí a kọ nípa bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, òǹlò kì í ka ohun tí ètò agbékalẹ̀ ń kọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá kùnà ni ó máa ń kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ètò yìí di ohun tó tó fi ojú lámèyítọ́ wò: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, kí ni ó sọ, kí ni ó fi pamọ́, ta sì ni ó dá lẹ́bi?

Ohun Tó Ń Bí Ìkùnà

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Orí òye yìí ni a kọ́ sọ́fítíwíà olórísun gbangba lé. Ẹni tó fẹ́ kọ ètò tí ń ya àwòrán kò ní láti tún ètò tí ń ka fáìlì àwòrán kọ. Yóò gbára lé èyí tí ẹlòmíràn ti kọ, ẹlòmíràn náà yóò sì ti gbára lé ti ẹlòmíràn. Agbára ètò náà nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2016, ẹnì kan tó kọ pákéèjì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ left-pad yọ ọ́ kúrò nínú àká npm nítorí aáwọ̀ lórí orúkọ pákéèjì mìíràn. Left-pad kò ju ìlà 11 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fi àlàfo tàbí àmì kún apá òsì ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi gùn tó bí a ṣe fẹ́. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ló dúró, nítorí pé Babel, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo JavaScript gbẹ́kẹ̀ lé, wà lára àwọn tó gbára lé e. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni àwọn alákòóso npm dá a padà, wọ́n sì yí òfin tó de yíyọ pákéèjì kúrò padà lẹ́yìn náà. Ohun tí àwọn òǹlò rí ní ọjọ́ náà ni pé left-pad kò sí nínú àká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ náà rí, wọn kò sì béèrè fún un.

Yàtọ̀ sí pé kí ohun àgbáralé pòórá, ẹ̀dà wọn lè má bára mu. Pákéèjì kan lè béèrè fún ẹ̀dà kejì ohun kan nígbà tí òmíràn tó ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ kò lè bá ẹ̀dà kejì náà gbé. Iṣẹ́ sì lè dúró láàárín méjì, pàápàá níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, tàbí tí dátà ti ń tán lójú ọ̀nà. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ fi ìwọ̀n sí ìbáwí rẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìwádìí EDOS ní ilẹ̀ Yúróòpù fi hàn pé ìbéèrè bóyá pákéèjì kan ṣeé gbé kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun àgbáralé rẹ̀ wà lára àwọn ìṣòro tí onímọ̀ ìṣirò kò tíì rí ọ̀nà àbùjá sí. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìkùnà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àmì ìwà ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀ṣẹ́ ẹni tó kọ ètò náà. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ kì í ṣe ìdí tí ètò agbékalẹ̀ fi kùnà. Ìbéèrè tó tọ́ ni bí ó ṣe jíṣẹ́ ìkùnà náà.

Òpómúléró Ìtúpalẹ̀

Grice (1975) sọ pé àwọn tó ń tàkùrọ̀sọ máa ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò sọ ìwọ̀n tó tó, kò ní dín in kù, kò sì ní sọ ọ́ di àsọdùn. Yóò sọ òtítọ́. Yóò sọ ohun tó bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ mu. Yóò sì sọ ọ́ kí ó yé ẹni tó ń gbọ́. Ìwọ̀n, òtítọ́, ìbámu àti ìyéni ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pe àwọn ọ̀nà mẹ́rin náà.

Òye Yorùbá fi ohun kan kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Lójú Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò parí sí òtítọ́ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mọ ipò ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ àti ipò ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ jù ni ẹrù ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ jù. Àgbà tó rí ewu tí kò sọ, tàbí tó sọ ọ́ lọ́nà tí ọmọdé kò fi ní yé e, kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi nígbà tí ewu náà bá ṣẹlẹ̀. Láàárín ètò agbékalẹ̀ àti òǹlò tuntun, ètò náà ni àgbà. Òun ló rí inú àká, òun ló mọ ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ, òun ló ṣe ìṣirò.

Ìtúpalẹ̀ Àwọn Ìfitónilétí

Ẹ̀sùn tí kò ní ẹlẹ́rìí

Ìfitónilétí àkọ́kọ́ wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín àwọn òǹlò APT fún ọ̀pọ̀ ọdún:

(1) E: Unable to correct problems, you have held broken packages.

Lẹ́tà E tó ṣíwájú ń tọ́ka sí àṣìṣe. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ní ìtumọ̀ méjì. Bí a bá ka held gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: Àtúnṣe kò ṣeé ṣe, ìwọ ni o di àwọn pákéèjì tó bàjẹ́ mú. Bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́: Àtúnṣe kò ṣeé ṣe, o ní àwọn pákéèjì tó bàjẹ́, tí a sì dì mú. Ìtumọ̀ kejì ni ó bá ìmọ̀ iṣẹ́ APT mu, nítorí pé ètò náà ní àṣẹ kan, apt-mark hold, tí òǹlò lè fi de pákéèjì mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí padà. Ìtumọ̀ kìíní ni ó sábà máa ń wá sí ọkàn ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí kò bá ìlànà ìyéni mu.

Àléébù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lórí òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbólóhùn yìí máa ń jáde nígbà tí òǹlò kò de pákéèjì kankan mọ́lẹ̀ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lè jẹ́ pé ẹ̀dà tó wà nínú àká kan kò bá ẹ̀dà tó wà nínú àká mìíràn mu. Ọ̀rọ̀ náà wà láàárín àká sí àká, ṣùgbọ́n ìwọ, òǹlò, ni gbólóhùn náà tọ́ka sí. Bí ẹni tó ra iṣu lọ́jà bá dé ilé tó rí i pé iṣu ti rà nínú, tí ẹni tó tà á wá sọ pé oníbàárà ló di iṣu rírà mú, ohun tó sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọwọ́ oníbàárà ni iṣu wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ni yóò mọ̀ pé ó ti sá fún ẹjọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀rí gidi kì í jìnnà. Ní òkè gbólóhùn (1), APT máa ń to àwọn pákéèjì tí kò rí ohun àgbáralé wọn, yóò sì sọ ẹ̀dà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè àti ẹ̀dà tó wà. Ẹlẹ́rìí ti sọ òótọ́ kí adájọ́ tó dá ẹjọ́ tí kò bá ẹ̀rí mu. Òǹlò tí kò tíì mòye yóò sì gba ìdájọ́, nítorí pé òun ló wá kẹ́yìn, òun ló sì ní lẹ́tà E níwájú.

Ìṣòro yìí hàn kedere nígbà tí a bá fẹ́ túmọ̀ gbólóhùn náà sí Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fi you pamọ́ sẹ́yìn àìmọ ọjọ́ orí. Yorùbá gbọ́dọ̀ yàn láàárín o àti ẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé held láì sọ ẹni tó dì í mú. Yorùbá yóò fẹ́ mọ̀ bóyá òǹlò ni, bóyá ètò ni, tàbí àwọn kan tí a kò mọ̀ tí a ń pè ní wọ́n. Atúmọ̀ tó bá kàn tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yóò bú àgbàlagbà, yóò sì fi ẹ̀sùn kàn án. Atúmọ̀ tó lóye yóò kọ ọ́ pé: Ètò yìí kò rí ọ̀nà láti jẹ́ kí àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí bára mu; ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo òkè fún àlàyé. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìtumọ̀ di iṣẹ́ lámèyítọ́.

Ìdákẹ́ tó ní ìrántí

Ìfitónilétí kejì máa ń jáde nígbà tí iṣẹ́ agbékalẹ̀ bá ti dúró láàárín méjì tẹ́lẹ̀:

(2) E: dpkg was interrupted, you must manually run 'sudo dpkg --configure -a' to correct the problem.

Yorùbá kò ní irú ìhun tí yóò sọ was interrupted láì ní olùṣe. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni: Iṣẹ́ dpkg dúró lójijì, ẹ ní láti fi ọwọ́ ara yín pa àṣẹ yìí kí nǹkan tó lè tò. Gbólóhùn yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó sì sọ oògùn rẹ̀ ní pàtó. Ìwọ̀n rẹ̀ tó, òtítọ́ ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu.

Iṣẹ́ gidi ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Dpkg kì í gbàgbé ibi tí ó bá iṣẹ́ dé. Nínú fáìlì kan tó wà ní /var/lib/dpkg/status, ó ń kọ ipò tí pákéèjì kọ̀ọ̀kan wà: bóyá a ti gbé e kalẹ̀ tán, bóyá a ti tú u ṣùgbọ́n a kò tíì ṣètò rẹ̀, bóyá ìṣètò rẹ̀ dá dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí iná bá padà dé, ó ṣeé ṣe láti tẹ̀síwájú láti ibẹ̀. Bí ìwé àṣẹ kékeré tó wà nínú pákéèjì bá kùnà nígbà tí wọ́n ń tú u, dpkg ní ìlànà láti pe ìwé àṣẹ mìíràn tí yóò gbìyànjú láti dá nǹkan padà sí bó ṣe wà. Ètò tó rántí ibi tí ó ṣubú sí ti ṣe ìdajì àtúnṣe.

Ìbéèrè kan ló kù: bí ètò náà bá mọ oògùn, kí ló dé tí kò lò ó fúnra rẹ̀? Ìdáhùn kan wà tó mọ́gbọ́n dání. Ohun tó dá iṣẹ́ dúró lè ṣì wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ mọ̀ kí àṣẹ tó tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ must ti le jù. Ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn àti ẹni tó gbọ́ àṣẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìbúra tí a fi ẹnu òǹlò ṣe

Ìfitónilétí kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ yìí:

(3) You are about to do something potentially harmful. To continue type in the phrase 'Yes, do as I say!'

Ìtumọ̀: Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí lè mú ewu wá. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀síwájú, ẹ tẹ gbólóhùn náà, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe bí mo ti wí!’ Tẹ́lẹ̀, APT máa ń béèrè gbólóhùn yìí nígbà tí ìṣirò rẹ̀ bá fẹ́ yọ pákéèjì tí ẹ̀rọ kò lè ṣe aláìní.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Linus Sebastian, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa fídíò tí ó ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, fi han gbogbo ayé bí òun ṣe gbìyànjú láti gbé Steam, ètò tí wọ́n fi ń ra eré orí kọ̀ǹpútà, kalẹ̀ sórí Pop!_OS tí ilé iṣẹ́ System76 ń ṣe. Àṣìṣe kan nínú àká ní àkókò náà mú kí àwọn ohun àgbáralé Steam má bá ohun tó wà lórí ẹ̀rọ mu. Ọ̀nà tí APT rí sí i ni kí ó yọ àwọn ètò tí ń fi fèrèsé àti àwòrán hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ó to orúkọ wọn, ó kìlọ̀, ó béèrè gbólóhùn (3). Òǹlò náà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ojú kọ̀ǹpútà tí ó ní fèrèsé àti àwòrán ti lọ. Ọ̀rọ̀ funfun lórí ojú dúdú ló kù.

Àwọn kan sọ pé òǹlò ló jẹ̀bi, nítorí pé a ti kìlọ̀ fún un. Bí a bá fi ìwọ̀n, òtítọ́, ìbámu àti ìyéni wò ó, ẹjọ́ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Potentially harmful kò sọ irú ewu tó wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí a sọ ni pé: Ẹ̀yin béèrè fún Steam, kí ètò yìí tó lè ṣe é, yóò yọ gbogbo ohun tí ń fi àwòrán hàn lójú ẹ̀rọ yín. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà. Dípò bẹ́ẹ̀, orúkọ àwọn pákéèjì tí òǹlò tuntun kò mọ̀ ni wọ́n tò jọ, gbólóhùn ìkìlọ̀ sì wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni irú ìṣe tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Austin (1962) ti fi yé ni pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé sísọ wọn ni ṣíṣe wọn, bí ìbúra àti ìlérí. Gbólóhùn (3) kì í béèrè bóyá òǹlò gbà. Ó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ àṣẹ: ṣe bí mo ti wí. Bẹ́ẹ̀ òǹlò kò wí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wí ni pé kí wọ́n gbé Steam kalẹ̀. Ètò náà ló ronú kan yíyọ, òun ló dábàá rẹ̀, òun ló sì wá ní kí òǹlò pè é ní àṣẹ tirẹ̀. Ní àkókò yẹn, olùdámọ̀ràn ti di ìránṣẹ́, ìránṣẹ́ kì í sì í jẹ̀bi iṣẹ́ tí a rán an. Ọgbọ́n èdè ni a fi gbé ẹ̀bi láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ lọ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ètò agbékalẹ̀ wà lọ́jà ní ọjọ́ náà, ó rí orí tó fẹ́ wọ́, ó sì ní kí ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. System76 yí APT tó wà nínú Pop!_OS padà kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní oṣù kọkànlá kan náà, APT 2.3.12 jáde, èyí tí kò tún ní máa dábàá yíyọ irú àwọn pákéèjì pàtàkì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojútùú sí ọ̀rọ̀ ohun àgbáralé. Àtúnṣe yìí fi hàn pé kíkìlọ̀ nìkan kò tó. Ohun tí kò yẹ kí a dábàá ni kò yẹ kí a dábàá.

Orúkọ tó ń rò ẹjọ́ ara rẹ̀

Ìfitónilétí kẹrin wá láti inú pip:

(4) error: externally-managed-environment

Ìlànà tí àwọn tó ń tọ́jú èdè Python pè ní PEP 668 ló mú un wá, Debian 12 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì wà lára àwọn tó gbà á wọlé. Kí ó tó dé, pip lè gbé pákéèjì Python kalẹ̀ fún gbogbo ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí APT gbé kalẹ̀, èyí sì lè ba àwọn irinṣẹ́ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lò jẹ́. Ní báyìí, pip máa ń kọ̀.

Orúkọ tó wà lókè yìí le fún òǹlò tuntun láti lóye, ṣùgbọ́n àlàyé tó tẹ̀ lé e ṣe iṣẹ́ tó yẹ. Ó sọ pé ètò mìíràn ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Ó fi ọ̀nà hàn: kí òǹlò lo apt bí pákéèjì náà bá wà ní Debian, tàbí kí ó dá yàrá ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ python3 -m venv. Kíkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kíkọ̀ òfo.

Ẹni tó bá sì fẹ́ tẹ̀síwájú lọ́ranyàn ní ọ̀nà kan, orúkọ ọ̀nà náà ni --break-system-packages: ba àwọn pákéèjì ẹ̀rọ jẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ yìí àti gbólóhùn (3) ni kókó iṣẹ́ yìí. Méjèèjì ń béèrè pé kí òǹlò kọ ọ̀rọ̀ kan kí ó tó ṣe ohun eléwu. Èkíní ní kí ó kọ pé òun ló pàṣẹ. Èkejì ní kí ó kọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Èkíní ń wá ẹlẹ́bi. Èkejì ń dárúkọ ewu. Kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ‘bà á jẹ́’ tí kò ní dúró rò ó.

Àwíjàre Àwọn Olùtọ́jú

Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ń tọ́jú ètò wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó. Àwọn ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń pín sọ́fítíwíà sì sọ kedere pé wọn kò ṣe onígbọ̀wọ́ fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó fúnni ní ohun ọ̀fẹ́ kò jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kì í sọ ẹ̀sùn èké di òtítọ́. Kò ná olùtọ́jú ní kọ́bọ̀ láti yí you have padà sí ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn olùtọ́jú fúnra wọn ti ń gba èyí gbọ́. Ìṣirò tuntun tí wọ́n ń kọ́ sínú APT 3 máa ń to ìdí tí ohun àgbáralé kò fi bára mu ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà, kí òǹlò lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Debian 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ni ó gbé APT 3.0 dé, èyí tó ń ya ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde sọ́tọ̀ pẹ̀lú àwọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tí Eelco Dolstra ṣe ní Yunifásítì Utrecht ní ọdún 2006, ó ṣàlàyé Nix, ètò tí kì í fi ẹ̀dà tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, tí òǹlò fi lè padà sẹ́yìn bí tuntun bá kùnà. Níbi tí ìpadàsẹ́yìn bá rọrùn, ìkìlọ̀ kò ní láti le.

Ìwúlò Iṣẹ́ Yìí fún Olùkọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ bá ìkùnà pàdé tí a sọ fún un pé òun ló fà á lè gbà pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tirẹ̀. Àdánù tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì ju ti pákéèjì lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ kíka ìfitónilétí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ́ kíka àyọkà.

Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ẹ̀rí kí ó tó ka ìdájọ́: àwọn ìlà tó sọ ẹ̀dà tí a ń béèrè àti ẹ̀dà tó wà ni kí ó kọ́kọ́ wò. Èkejì, kí ó máa wo iye pákéèjì tí APT fẹ́ yọ kí ó tó gbà. Bí ohun kan ṣoṣo ló béèrè fún tí ọ̀pọ̀ sì fẹ́ jáde, kí ó dúró. Àṣẹ apt-get -s yóò jẹ́ kí ó rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láì tíì ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kí ó lo dpkg --configure -a, kí ó sì fi apt --fix-broken install tẹ̀ lé e bí ó bá ṣì ku nǹkan. Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ tó kùnà kò túmọ̀ sí pé dátà rẹ̀ ti ṣòfò: àwọn pákéèjì tó ti wọlé ṣì wà ní /var/cache/apt/archives, APT yóò sì lò wọ́n nígbà tí ó bá tún gbìyànjú, bí a kò bá ti pa wọ́n rẹ́.

Fún ẹ̀ka Yorùbá, àǹfààní mìíràn tún wà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí APT ń sọ wà nínú fáìlì ìtumọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, kí ó túmọ̀, kí ó sì fi ṣọwọ́ sí àwọn olùtọ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá túmọ̀ ogún gbólóhùn nínú rẹ̀ yóò kọ́ nípa olùṣe, ìlò arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ àti pọ́nna ju bí yóò ti kọ́ ọ nínú àpẹẹrẹ tí a hun fún un lọ.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti yẹ ìfitónilétí mẹ́rin wò. Ó ti fi hàn pé ìkùnà ohun àgbáralé jẹ́ apá kan ìgbé ayé sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ jọ ṣe, àti pé èdè tí a fi jíṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń pinnu bóyá òǹlò yóò rí ọ̀nà àbáyọ tàbí yóò máa da ara rẹ̀ lẹ́bi. Gbólóhùn (1) fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Èkejì rántí ibi tí iṣẹ́ dé, ó sì dárúkọ oògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ le. Ẹ̀kẹta fi àṣẹ sí ẹnu ẹni tí kò pa á. Ẹ̀kẹrin kọ̀, ó sọ ìdí, ó fi ọ̀nà mìíràn hàn, ó sì pe ewu ní orúkọ rẹ̀. Èyí tó wá kẹ́yìn yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń kọ ètò agbékalẹ̀ wò kọ́ iṣẹ́, òun náà sì ni ó yẹ kí àwọn tí yóò tú wọn sí Yorùbá fi ṣe òṣùwọ̀n.